Bí àwa ọmọ ìjọ kò bá gbà á, ṣé ẹ̀kọ́ náà ti kú nìyẹn?

Ìbéèrè: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Kúbwà ni mo ń gbé, níbí ní Àbújá. Lẹ́yìn Mísà Yorùbá ní ọjọ́ Àìkú tó kọjá, ọ̀rọ̀ kan di àríyànjiyàn láàárín àwa tí a dúró ṣèpàdé. Ọkùnrin kan tó jẹ́ lọ́yà ní òfin tí ará ìlú kò bá tẹ̀ lé, òkú òfin ni. Ó ní bẹ́ẹ̀ náà ni ẹ̀kọ́ Ìjọ, pé nígbà tí àwọn tó pọ̀ jù nínú wa ti ń lo oògùn ìfètò-sọ́mọ-bíbí, ẹ̀kọ́ tí Póòpù kọ́ wa lórí rẹ̀ ti kú. Màmá àgbà kan dá a lóhùn pé ibi tí Fadá bá ti sọ̀rọ̀, ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀. Èwo ni ká mú? Ṣé ohun tí àwa mẹ̀kúnnù bá gbà ló ń sọ ẹ̀kọ́ Ìjọ di ẹ̀kọ́ ni? Ìyá Ìbejì, Kúbwà."

Ìyá Ìbejì, ẹ ṣeun tí ẹ kọ̀wé. Mo mọ irú ìpàdé yẹn dáadáa. Wọ́n á ti ka owó àjọ tán, wọ́n á ti pín búrẹ́dì àti mínírà, ni ẹnì kan á wá ju ọ̀rọ̀ kan sílẹ̀, kò sì ní sí ẹni tó máa rántí ilé mọ́.

Ẹ jẹ́ kí n fi ìdáhùn ṣíwájú, torí mo mọ̀ pé àwọn míì kò ní kà á dé ìsàlẹ̀. Rárá. Ẹ̀kọ́ ìgbàgbọ́ Ìjọ Kátólíìkì kì í dúró de ìbò wa kó tó di òtítọ́. Ṣùgbọ́n ẹ má tíì gbé ìyẹn lọ bá lọ́yà yín kí ẹ fi ṣe é ní yẹ̀yẹ́, nítorí màmá náà ṣìnà díẹ̀. Inú àwa ènìyàn ni ìgbàgbọ́ yẹn ń gbé, ẹni tó bá sì fẹ́ mọ ohun tó jẹ́, àfi kó wá a débẹ̀. Ẹ̀rí ni gbígbà tí a gbà á. Ẹlẹ́rìí máa ń sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ ni, òun kọ́ ló mú un ṣẹlẹ̀.

Lọ́yà yín kò rí ọ̀rọ̀ rẹ̀ he lójú títì o. Inú òfin Ìjọ gan-an ló ti wá. Ní nǹkan bí ọdún 1140, Gratian, onímọ̀ òfin kan ní Bologna, kọ ọ́ sílẹ̀ pé ọjọ́ tí a bá kéde òfin ló ń bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n ìgbà tí àwọn tí a ṣe é fún bá fi ìṣe wọn gbà á ló ń fẹsẹ̀ múlẹ̀. Ìwé òfin Ìjọ ti ọdún 1983 ṣì gba nǹkan kan nínú èyí. Àṣà tó bójú mu, tí àwùjọ onígbàgbọ́ kan bá ti ń tẹ̀ lé fún 30 ọdún gbáko láìdáwọ́ dúró, lè borí òfin tí Ìjọ fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe. Ìwé kan náà ló wá fi kún un pé kò sí àṣà kankan tó lè borí òfin Ọlọ́run. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti yà síra nìyẹn, lọ́yà yín sì fò ó.

Ẹ wo àpẹẹrẹ kan. Ní oṣù Kejì ọdún 1962, Póòpù John XXIII pàṣẹ pé kí àwọn olùkọ́ ní ilé ẹ̀kọ́ àwọn àlùfáà máa fi èdè Látìn kọ́ àwọn ẹ̀kọ́ tó ṣe pàtàkì jù. Àṣẹ Póòpù ni o, wọ́n sì fi ayẹyẹ ńlá gbé e jáde. Kò pẹ́ tó fi di bébà lásán. Wọ́n kàn ń kọ́ni ní èdè tí ọmọ gbọ́ ni, ó sì di gbàgbé. Bí gbogbo òfin Ìjọ bá rí bí èyí, lọ́yà yín ni ì bá jàre pátápátá.

Mo mọ̀ pé ẹnì kan nínú ìpàdé yín á ti mẹ́nu ba ọ̀rọ̀ Ahiara, torí kò sí ibi tí irú àríyànjiyàn yìí ti ń wáyé ní Nàìjíríà tí wọn kì í dá a sílẹ̀. Ní oṣù Kejìlá 2012, Póòpù Benedict XVI yan Peter Okpaleke ní bíṣọ́ọ̀bù Ahiara, ní ìpínlẹ̀ Ímò. Ọ̀pọ̀ àlùfáà àti ọmọ ìjọ níbẹ̀ yarí, wọ́n ní ọmọ Mbaise, ọmọ ilẹ̀ wọn, ni káwọn ní. Ọdún márùn-ún kọjá. Póòpù Francis bínú sí i, ó ní kí àlùfáà kọ̀ọ̀kan kọ lẹ́tà ìtúúbá sí òun, síbẹ̀ nígbà tó di oṣù Kejì 2018, ó gba ìwé ìfipòsílẹ̀ Okpaleke. Wọ́n sọ ọkùnrin náà di bíṣọ́ọ̀bù Ekwulobia ní 2020, ó sì di kádínà ní 2022. Àwọn èèyàn wá ń sọ pé, "Ṣé ẹ rí i, mẹ̀kúnnù borí Póòpù." Lórí kí ni wọ́n ti borí rẹ̀? Lórí ẹni tó máa jókòó sórí àga. Nínú gbogbo wàhálà yẹn, kò sí ẹnikẹ́ni ní Mbaise tó ní Jésù kò jíǹde, tàbí pé búrẹ́dì orí pẹpẹ kò di Ara Rẹ̀. Ọ̀rọ̀ ìṣàkóso wà lọ́tọ̀, ọ̀rọ̀ ìgbàgbọ́ wà lọ́tọ̀. Ẹni tó bá pò wọ́n pọ̀ ti gbé ìkòkò méjì ka iná kan.

Kí ló wá dé tí ẹ̀kọ́ ìgbàgbọ́ kò fi lè rí bí òfin? Ẹ jẹ́ kí n mú un wálé. Ẹ wo àwọn ọmọ wa tí a bí sí Àbújá yìí, ní Lugbe, ní Nyanya, ní Gwarinpa. Pijin wọn dán, Haúsá wọn kò burú, ṣùgbọ́n tí ẹ bá ní kí wọ́n ki oríkì orílẹ̀ wọn, wọ́n á máa wo ẹsẹ̀ ara wọn. Ká ní 40 nínú wọn, ọmọ ìdílé kan ṣoṣo, kóra jọ lọ́dún Àjíǹde, tí 35 dìbò pé ọmọ Oníkòyí ni àwọn, nígbà tó jẹ́ pé ọmọ Òpómúléró ni bàbá tó bí wọn. Ṣé ìbò yẹn á yí ẹ̀jẹ̀ padà? Olórí ẹbí pàápàá kò lè yí i. Tí ìjà bá dé, òun ló láṣẹ láti dá a, tó bá sì ti dá a, a kì í gbé e lọ sí ọ̀dọ̀ àwọn ọmọdé kí wọ́n tún un dá. Ṣùgbọ́n kí olórí ẹbí tó lanu, ta ni ẹ rò pé ó máa lọ bá? Àwọn ìyá arúgbó ni, àwọn tó ń ki ọmọ kí ọmọ tó jáde nílé láàárọ̀, tí wọn kò ka ìwé kankan. Bí mẹ́ta nínú wọn, láti ilé ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, bá ń sọ ohun kan náà láìjẹ́ pé wọ́n fẹnu kò tẹ́lẹ̀, ó ti mọ̀ pé ohun tí àwọn baba fi lélẹ̀ nìyẹn.

Ohun tí a fi lélẹ̀. Lẹ́tà Júúdà nínú Bíbélì pè é ní ìgbàgbọ́ tí a ti fi lé àwọn ẹni mímọ́ lọ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ìgbìmọ̀ Vatican Kejì, ìpàdé àwọn bíṣọ́ọ̀bù gbogbo ayé, sọ ọ́ ní 1965 pé àwọn tó ń kọ́ni nínú Ìjọ kò ga ju ọ̀rọ̀ Ọlọ́run lọ, ìránṣẹ́ rẹ̀ ni wọ́n, ohun tí a fi lé wọn lọ́wọ́ nìkan ni wọ́n lè fi kọ́ni. Póòpù kò ní àṣẹ láti dá ìgbàgbọ́ tuntun sílẹ̀, gẹ́gẹ́ bí àwa náà kò ti ní àṣẹ láti dìbò yọ ògbólógbòó kúrò. Àkàwé oríkì mi kò gún régé tán, mo mọ̀, torí Ìjọ gbà pé Ẹ̀mí Mímọ́ ló ń di olórí ẹbí àti àwọn ìyá arúgbó mú pa pọ̀, kò sì sí ẹbí tó lè sọ bẹ́ẹ̀ nípa ara rẹ̀.

Ìbéèrè yín yìí ti fa ìjà gidi rí. Ní 1682, àwọn bíṣọ́ọ̀bù ilẹ̀ Faransé, tí ọba wọn Louis XIV wà lẹ́yìn wọn, gbé gbólóhùn mẹ́rin kalẹ̀. Ìkẹrin sọ pé ìdájọ́ Póòpù lórí ìgbàgbọ́ ṣì lè yí padà àfi tí Ìjọ bá fọwọ́ sí i. (Ìjọ tí wọ́n ń wí yẹn, àwọn bíṣọ́ọ̀bù ẹlẹgbẹ́ wọn ni. Wọn kò ní ìyá ẹlẹ́fọ̀ọ́ ní Kúbwà lọ́kàn.) Ọ̀rọ̀ náà wà nílẹ̀ fún ohun tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó igba ọdún, títí di Ìgbìmọ̀ Vatican Kìíní. Ní ọjọ́ 18 oṣù Keje 1870, nígbà tí wọ́n ń dìbò, òjò ń rọ̀, ààrá ń sán lórí ṣọ́ọ̀ṣì Peter Mímọ́. Bíṣọ́ọ̀bù 533 ní àwọn gbà, méjì péré ló ní àwọn kò gbà. Nǹkan bí 60 ti bá ẹsẹ̀ wọn sọ̀rọ̀ kí ọjọ́ ìbò tó pé, torí wọn kò fẹ́ sọ "rárá" lójú Póòpù. Ohun tí wọ́n fẹnu kò sí ni pé nígbà tí Póòpù bá fi gbogbo àṣẹ ipò rẹ̀ kéde ẹ̀kọ́ kan lórí ìgbàgbọ́ tàbí ìwà fún gbogbo Ìjọ, ìkéde náà kò ní yí padà, láti inú ara rẹ̀, kì í ṣe láti inú ìfọwọ́sí Ìjọ. Ex sese ni Látìn rẹ̀. Esì fún àwọn ará Faransé ti 1682 ni gbólóhùn yẹn ní tààrà.

Ọ̀pọ̀ ka gbólóhùn yẹn, wọ́n ní ó túmọ̀ sí pé Póòpù lè jí láàárọ̀ kó sọ ohun tó bá wù ú. Bíṣọ́ọ̀bù Gasser ti Brixen, ẹni tí wọ́n ní kó ṣàlàyé rẹ̀ fún ìgbìmọ̀ kí wọ́n tó dìbò, sọ̀rọ̀ fún bíi wákàtí mẹ́rin kí wọ́n má baà gbọ́ ọ bẹ́ẹ̀. A kò ya Póòpù nípa kúrò lára Ìjọ, ó ní. Ohun tí a ń kọ̀ ni pé kí a sọ ìfọwọ́sí di májẹ̀mú tó gbọ́dọ̀ pé kí ìkéde tó fẹsẹ̀ múlẹ̀. Lọ́yà yín á lóye èyí ju èmi lọ. Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ wà ní Three Arms Zone níbí. Ìdájọ́ rẹ̀ kì í dúró de kí ará Wuse fọwọ́ sí i, kò sì sí ibi tí a tún ń gbé ẹjọ́ lọ lẹ́yìn rẹ̀. Síbẹ̀, adájọ́ tó wà níbẹ̀ bá òfin nílẹ̀ ni. Ìgbìmọ̀ Vatican Kejì tún gbólóhùn 1870 sọ ní 1964, ó sì fi nǹkan kan lé e tí mo fẹ́ràn gan-an: pé irú ìkéde bẹ́ẹ̀ kò lè ṣaláìrí ìgbàgbọ́ Ìjọ lẹ́yìn rẹ̀ láéláé, nítorí Ẹ̀mí kan náà ló ń ṣiṣẹ́ ní ọ̀dọ̀ ẹni tó ń kéde àti ẹni tó ń gbọ́.

Níbi tí mo bá a dé yìí, màmá àgbà yẹn á ti máa rẹ́rìn-ín. Kó má tíì rẹ́rìn-ín.

Ìwé 1964 yẹn kan náà, Lumen Gentium, sọ pé gbogbo ìjọ onígbàgbọ́ lápapọ̀, tí Ẹni Mímọ́ ti fi òróró yàn, kò lè ṣìnà nínú ohun tí wọ́n gbà gbọ́, nígbà tí gbogbo wọn, láti orí bíṣọ́ọ̀bù dé orí ẹni tó kéré jù nínú ọmọ ìjọ, bá fẹnu kò lórí ọ̀rọ̀ ìgbàgbọ́ àti ìwà. Augustine ni wọ́n yá gbólóhùn "láti orí bíṣọ́ọ̀bù dé orí ẹni tó kéré jù" lọ́wọ́ rẹ̀, ọmọ Áfíríkà sì ni Augustine. Sensus fidei ni Látìn ń pe ẹ̀bùn yìí, èmi a máa pè é ní òye ìgbàgbọ́. Ahọ́n ìyàwó ilé ni ẹ fi wò ó. Ó tọ́ ọbẹ̀ wò, ó ní iyọ̀ kò dùn tó. Ahọ́n kọ́ ló fi iyọ̀ síbẹ̀, ṣùgbọ́n aláṣè tó bá ní òun kò ní gbọ́ ti ahọ́n, gbogbo ilé ló máa jẹ àtẹ́.

Ẹni tó gbé ọ̀rọ̀ yìí dé ibi tó gbóná ni John Henry Newman, àlùfáà kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní 1859. Ó kọ ọ́ pé ó yẹ kí àwọn bíṣọ́ọ̀bù máa wádìí lọ́dọ̀ ọmọ ìjọ lórí ẹ̀kọ́ ìgbàgbọ́. Ojú-ẹsẹ̀ ni bíṣọ́ọ̀bù kan ti fi ẹjọ́ rẹ̀ sùn ní Róòmù. Bíṣọ́ọ̀bù tirẹ̀ gan-an bi í pé, "Ta tiẹ̀ ni àwọn ọmọ ìjọ wọ̀nyí?" Newman ní Ìjọ á rí bí òmùgọ̀ láìsí wọn. Ó ṣàlàyé pé bí dókítà ṣe ń di ọrùn ọwọ́ aláìsàn mú láti gbọ́ bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń lù ni òun ní lọ́kàn, kì í ṣe bí aláìsàn ṣe ń bi dókítà léèrè ohun tí yóò lò. Ìṣọ̀n kì í kọ oògùn fún dókítà, àmọ́ dókítà tí kò bá fọwọ́ kàn án, a jẹ́ pé òkùnkùn ló ń rìn. Ní 2019, Póòpù Francis kéde Newman ní ẹni mímọ́. Ó gba ọgọ́jọ ọdún.

Ìtàn ni Newman fi gbe ara rẹ̀ lẹ́sẹ̀. Ní 325, Ìgbìmọ̀ Nicaea kéde pé Ọmọ bá Baba dọ́gba, ara kan náà ni wọ́n. Ẹ kàn ro ohun tó tẹ̀ lé e. Àwọn olú ọba dá sí i, wọ́n lé àwọn bíṣọ́ọ̀bù tó dúró ṣinṣin kúrò nílùú, nígbà tó di 359 ní Rimini, bíṣọ́ọ̀bù tó lé ní 400 péjọ, wọ́n fún wọn lọ́rùn títí wọ́n fi fọwọ́ sí gbólóhùn kan tó ní ìtumọ̀ méjì. Jerome kọ ọ́ lẹ́yìn náà pé gbogbo ayé kérora, ẹnu yà á láti rí i pé òun ti di ti Arius, àlùfáà tó ní Ọmọ kò bá Baba dọ́gba. Ní gbogbo ọdún wọ̀nyẹn, títí di Ìgbìmọ̀ Constantinople ní 381, Newman ní lára àwọn tí a rì bọmi lásán, àwọn tí kò ní ọ̀pá àṣẹ, ni ìgbàgbọ́ Nicaea ti rí ibi sá sí ju ọ̀dọ̀ àwọn bíṣọ́ọ̀bù lọ. Ẹ kíyè sí ohun tó ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ dáadáa o. Àwọn èèyàn wọ̀nyẹn kò sọ Nicaea di òtítọ́, ó ti jẹ́ òtítọ́ kó tó dé ọ̀dọ̀ wọn. Wọ́n kàn gbé e pamọ́ nígbà tí àwọn olùṣọ́ ń sùn ni.

Àwa Yorùbá ní irú ìtàn bẹ́ẹ̀, a kàn kì í sọ ọ́ tó ni. Kí Fadá kankan tó wá jókòó sí Èkó, àwọn Àgùdà tó ti oko ẹrú Brazil bọ̀ ti wà níbẹ̀ pẹ̀lú ìgbàgbọ́ wọn. Bàbá kan tó ti gba òmìnira, tí wọ́n ń pè ní Pa Antonio, ló ń kó wọn jọ gbàdúrà, tó ń kọ́ àwọn ọmọ wọn. Ní 1863 ni Fadá Borghero bẹ Èkó wò, ó sì bá Kristẹni nílẹ̀. Ó di 1868 kí àlùfáà tó máa gbé láàárín wọn tó dé. Ẹni tó bá ní ìgbàgbọ́ kì í dé ibi tí Fadá kò tíì dé, kó lọ bi àwọn Àgùdà Èkó léèrè. Ní òkè Ọya níbí náà, lẹ́yìn tí àwọn Fadá ẹgbẹ́ míṣọ́nárì SMA dé Shendam ní 1907, àwọn katikísì ló ń fẹsẹ̀ rìn láti abúlé dé abúlé, Fadá á sì dé nígbà tó bá ráyè dé.

Àwọn Póòpù náà mọ èyí. Kí Pius IX tó kéde ní 1854 pé a lóyún Màríà láìní ẹ̀ṣẹ̀ àbínibí, ó ti kọ̀wé sí àwọn bíṣọ́ọ̀bù kárí ayé láti 1849, ó ní kí wọ́n sọ ohun tí àlùfáà àti ọmọ ìjọ ilẹ̀ wọn gbà lórí rẹ̀. Àwọn tó lé ní 500 nínú nǹkan bí 600 tó fèsì ló ní bẹ́ẹ̀ ni. Pius XII ṣe irú rẹ̀ ní 1946, kó tó kéde ní 1950 pé a gbé Màríà lọ sí ọ̀run tara-tọkàn. Wọ́n bèèrè ṣáájú. Lẹ́yìn tí wọ́n kéde, wọn kò gbé àpótí ìbò káàkiri.

Ìtàn kan tún wà tí mo máa ń sọ fún àwọn tó bá ní ohunkóhun tó bá ti ẹnu Póòpù jáde ti di àbùṣe. Ní 1331, Póòpù John XXII, tó ń gbé ní Avignon nígbà náà, bẹ̀rẹ̀ sí wàásù pé àwọn ẹni mímọ́ tó ti kú kò tíì rí ojú Ọlọ́run, ó di ọjọ́ ìdájọ́. Ariwo ta. Àwọn onímọ̀ Yunifásítì Paris ní rárá o, ọba Faransé dá sí i. Ẹ sì rí ìdí tí ọ̀rọ̀ náà fi dun gbogbo èèyàn: láti ọ̀rúndún dé ọ̀rúndún ni àwọn ìyá ti ń ké pe Màríà àti Peter bí ẹni tó dúró níwájú Ọlọ́run. Bí wọn kò bá tíì dé iwájú rẹ̀, ta ni wọ́n wá ń bá wa bẹ̀? Bàbá náà ní èrò ọkàn òun lásán ni òun ń sọ, òun kò fi í lélẹ̀ bí ẹ̀kọ́. Ní oṣù Kejìlá 1334, lórí ibùsùn ikú, ó kó ọ̀rọ̀ rẹ̀ jẹ, ní 1336 ni Benedict XII tó jẹ lẹ́yìn rẹ̀ sì kéde ohun tí ìjọ ti ń gbàdúrà lé lórí láti ọjọ́ pípẹ́.

Ó yá, ọ̀rọ̀ oògùn ìfètò-sọ́mọ-bíbí. Ọjọ́ 25 oṣù Keje 1968 ni Póòpù Paul VI fọwọ́ sí Humanae Vitae, lẹ́tà tó fi sọ pé lílo irú oògùn bẹ́ẹ̀ kò tọ́. Ìgbìmọ̀ tí wọ́n yàn láti yẹ ọ̀rọ̀ náà wò, àwọn tó pọ̀ jù níbẹ̀ fẹ́ kó yí ẹ̀kọ́ náà padà, kò gbà. Láti ọjọ́ náà ni ọ̀pọ̀ Kátólíìkì kò ti tẹ̀ lé e, kò yẹ ká díbọ́n. Ṣùgbọ́n ṣé àìtẹ̀lé yẹn ni kíkọ̀ tí lọ́yà yín ń wí?

Ẹni tó bá jalè kò tíì sọ pé olè jíjà dára. Mo ti bá àwọn ìyàwó ilé sọ̀rọ̀ lórí èyí ní Àbújá yìí fún ọ̀pọ̀ ọdún. Tí wọ́n bá ń sọ ìdí tí wọ́n fi ń lò ó, owó ilé ni wọ́n máa ń dárúkọ, owó ilé ìwé, ọkọ tí kò ní iṣẹ́. Ìdí gidi ni, èmi kò ní fi ṣe ẹlẹ́yà. Ṣùgbọ́n kò sí ẹyọ kan tó sọ fún mi rí pé òun gbàdúrà, òun ka Ìwé Mímọ́, Ẹ̀mí sì fi hàn òun pé ẹ̀kọ́ Paul VI kì í ṣe ti Krístì. Púpọ̀ nínú wọn ló tiẹ̀ ń gbé e lọ sí ibi ìjẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀. Ẹni tó bá jẹ́wọ́ ohun kan ní ẹ̀ṣẹ̀ ti jẹ́rìí pé òun gba ẹ̀kọ́ náà, ó kàn ṣòro fún un ni. Ẹ bá mi kí lọ́yà, kó lọ wo ẹ̀rí rẹ̀ dáadáa.

Ìgbìmọ̀ àwọn onímọ̀ ẹ̀kọ́ Ọlọ́run ní Róòmù kọ odidi ìwé kan lórí òye ìgbàgbọ́ ní 2014. Wọ́n ní kì í ṣe ohun kan náà pẹ̀lú èrò àwọn tó pọ̀ jù, nítorí ẹni tí ẹ̀rí rẹ̀ máa wúlò níbẹ̀ ní láti máa kópa nínú ìgbésí ayé Ìjọ, kó máa gbọ́ ọ̀rọ̀ Ọlọ́run, kó sì máa lépa ìwà mímọ́. Ahọ́n tí ibà ti ba itọ́ rẹ̀ jẹ́ kò lè sọ bí ọbẹ̀ ṣe rí. Síbẹ̀ ìwé kan náà gbà, ní gbangba, pé bí ọ̀pọ̀ ọmọ ìjọ bá kọ etí ikún sí ẹ̀kọ́ kan, ó lè jẹ́ pé ìgbàgbọ́ wọn kò lágbára, ó sì lè jẹ́ pé àwọn aláṣẹ ṣe ìpinnu láìwo ohun tí ojú àwọn onígbàgbọ́ rí. Méjèèjì ni wọ́n kọ. Humanae Vitae kò sì ní irú èdìdì tí ìkéde 1950 ní. Àwọn onímọ̀ ṣì ń jiyàn lórí ìpele tó wà gan-an. Èmi gbà pé ọ̀rọ̀ Paul VI jinlẹ̀ ju bí wọ́n ṣe ń kà á lọ, mo sì gbà pé àwọn tó ń kọ́ wa ní ẹ̀kọ́ náà kò ṣàlàyé rẹ̀ fún wa bó ti yẹ. A kàn gbọ́ "má ṣe" ni.

Ẹ tún bi lọ́yà pé ìbò ti ibo la ó kà. Ní ọjọ́ 18 oṣù Kejìlá 2023, Róòmù gbé ìwé kan jáde pé àlùfáà lè súre fún àwọn méjì tó jẹ́ akọ sí akọ tàbí abo sí abo, láìjẹ́ pé ó dà bí ìgbéyàwó. Nígbà tó di ọjọ́ 11 oṣù Kìíní 2024, Kádínà Ambongo ti Kinshasa sọ lórúkọ àwọn bíṣọ́ọ̀bù Áfíríkà pé kò ní wáyé ní ilẹ̀ wa. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń jiyàn níbí pàtẹ́wọ́, wọ́n ní Áfíríkà ló mọ òtítọ́. Ní Jámánì, òdìkejì ni ọ̀pọ̀ ń sọ. Bó bá jẹ́ iye orí là ń kà, ṣé Kúbwà nìkan la ó kà, àbí Kúbwà àti Cologne? Àwọn tó ti kú ńkọ́, àwọn Àgùdà Èkó ọjọ́ sí, àwọn tó kú nítorí Nicaea? Ìjọ kan náà ni wọ́n, ẹnu wọn sì wà níbẹ̀. Láìpẹ́ ẹ máa rí i pé èèyàn máa ń fẹ́ràn ìbò nígbà tó bá mọ̀ pé òun máa wọlé.

Fún màmá wa, pẹ̀lú ọ̀wọ̀: ìwàásù Fadá ní ọjọ́ Àìkú kì í ṣe ẹ̀kọ́ tí kò lè yí padà. Òfin Ìjọ sọ pé a kò gbọ́dọ̀ ka ẹ̀kọ́ kankan sí èyí tí a ti kéde láìní àṣìṣe àfi tó bá hàn gbangba pé bẹ́ẹ̀ ni. Láti 1870, ẹyọ kan ṣoṣo ni gbogbo èèyàn gbà pé Póòpù fi irú àṣẹ yẹn ṣe, ti 1950. Òfin Ìjọ ti 1983 kan náà fún ọmọ ìjọ ní ẹ̀tọ́, nígbà míì ó tiẹ̀ pè é ní ojúṣe wọn, láti sọ èrò wọn fún àwọn olùṣọ́ àgùntàn lórí ohun tó kan ire Ìjọ, pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Nítorí náà ìpàdé yín kò ṣẹ̀ sí Fadá.

Ní Kúbwà yín gan-an ni John Paul II ti ṣe Mísà ní ọjọ́ 23 oṣù Kẹta 1998, lọ́jọ́ kejì tó kéde Fadá Tansi ní ẹni alábùkún lẹ́bàá Onitsha. Ẹ mọ bí irú ètò yẹn ṣe ń bẹ̀rẹ̀? Àwọn èèyàn lásán ló kọ́kọ́ ń gbà pé ẹni náà jẹ́ mímọ́, wọ́n á máa ké pè é, wọ́n á máa sọ̀rọ̀ rẹ̀. Bí irú òkìkí yẹn kò bá sí láàárín ọmọ ìjọ, bíṣọ́ọ̀bù kì í ṣí ìwádìí rárá. Tó bá sì wà, Póòpù nìkan ló lè parí rẹ̀.

Tí lọ́yà yín bá ṣì fẹ́ kí ìfọwọ́sí àwọn èèyàn jẹ́ májẹ̀mú, kó mọ̀ pé àwọn Ọ́tódọ́ọ̀sì, ìjọ ìlà oòrùn tí kò sí lábẹ́ Póòpù, ni èrò rẹ̀ sún mọ́. Ní 1439, ní Florence, àwọn bíṣọ́ọ̀bù Gíríìkì fọwọ́ sí ìrẹ́pọ̀ pẹ̀lú Róòmù. Wọ́n délé, àwọn èèyàn wọn ní àwọn kò gbà. Lójú àwọn Ọ́tódọ́ọ̀sì, ìyẹn fi hàn pé ìgbìmọ̀ náà kì í ṣe òótọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀. Lójú àwa, ìrẹ́pọ̀ náà ló fọ́, ẹ̀kọ́ tí wọ́n kéde níbẹ̀ kò fọ́.

Ìpàdé tó ń bọ̀, ẹ bá mi bi àwọn méjèèjì ní ìbéèrè kọ̀ọ̀kan. Ẹ bi lọ́yà pé nínú gbogbo àwọn tó kà, mélòó ló ní ìgbàgbọ́ òun ló sọ fún òun pé kí òun máa lò ó? Ẹ bi màmá pé ta ló kọ́ ọ ní "Mo kí ọ Màríà" nígbà tó wà lọ́mọdé, Fadá ni àbí ìyá rẹ̀? Ẹ kọ ohun tí wọ́n bá sọ ránṣẹ́ sí mi, kí ẹ sì bá mi kí àwọn ìbejì.